Akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì òun kò pé: kí ni kí olùkọ́ ṣe?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Olùkọ́ Ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàdàn, ọdún kejì mi rèé lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dá ìwé ìdánwò padà fún àwọn ọmọ SS2. Ọmọkùnrin kan gba 48 nínú 100. Ó dìde níwájú gbogbo kíláàsì, ó ní mo rẹ́ òun jẹ, pé ohun tí òun kọ sí ìbéèrè kẹrin náà ni ọ̀rẹ́ òun kọ, mo fún ọ̀rẹ́ òun ní máàkì, mi ò fún òun. Inú bí mi, mo ní kó jókòó kí n tó lé e síta. Ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ dé. Wọ́n ní ọmọ àwọn kì í gba ohun tó bá kéré sí 60, àti pé owó tí àwọn ń san ni wọ́n fi ń san owó-oṣù mi. Ẹni tó ni ilé-ìwé wá pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n "fi nǹkan kún un" kí ariwo lè parí. Ṣé kí n fi kún un, mà? Báwo ni mo ṣe lè máa yanjú irú ẹjọ́ báyìí láìjẹ́ pé àwọn ọmọ gùn mí lórí?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Má fi kún un. Ṣùgbọ́n má tíì yọ̀. Nínú gbogbo àlàyé rẹ, mo rí ìbínú ọmọ, mo rí ti ìyá, mo rí tìrẹ náà. N kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti padà ṣí ìbéèrè kẹrin wò. Ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ wà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní 41 tí mo kọ síwájú ìwé òun kò tọ̀nà. Mo bi í pé, "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní Ìṣirò ni?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ọmọ gbé orí lé tábìlì. Nírọ̀lẹ́ tí mo ń kó máàkì sínú ìwé, nǹkan ní kí n ṣí ìwé rẹ̀ wò. Ó gba àfikún ìwé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó fi òwú so ó mọ́ ẹ̀yìn. Èmi fúnra mi ti ṣe máàkì ojú-ìwé náà, bíírò pupa mi wà níbẹ̀, máàkì 17, ṣùgbọ́n n kò kó o wá síwájú. 58 ni ọmọ gbà. Olùkọ́ Ìṣirò tí kò mọ ìròpọ̀! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo dúró níwájú kíláàsì kan náà, mo tọrọ àforíjì, nítorí pé ojú wọn ni mo ti dójú tì í. Ẹnikẹ́ni kò gùn mí lórí lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó kàn yí padà ni pé àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí gbọ́ nígbà tí mo bá ní "rárá".

Ronú sí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kíláàsì mẹ́rin, ọmọ márùndínláàádọ́ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìwé 180 nìyẹn, ọ̀gá sì fẹ́ èsì ní ọjọ́ Ẹtì. Iná lọ, ojú ń rẹ̀ ọ́, o ń ṣe máàkì lábẹ́ iná alátẹ̀. Ojú-ìwé méjì á lẹ̀ mọ́ra, o ò ní rí àárín. O máa fo iye kan nígbà tí o bá ń ro máàkì pọ̀. Nígbà tí o bá ń kó o láti ara ìwé ọmọ sínú ìwé máàkì, 84 á di 48. (N kò ní kí 48 tìrẹ yìí jẹ́ 84 o, ṣùgbọ́n lọ wò ó.)

Bí ó bá sì ń ṣe ọ́ bíi pé ẹ̀tẹ́ ni kí olùdánwò gbà pé òun ṣì í, rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí figbe ta lórí èsì JAMB, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọn kì í kàwé. Nígbà tí JAMB padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àtúnṣe kan tó yẹ kó wà lórí ẹ̀rọ kò dé orí àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ti Gúúsù-Ìlà-oòrùn. Ibùdó ìdánwò 157 ló kàn, akẹ́kọ̀ọ́ 379,997. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé tó jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn nígbà náà bọ́ síta, ó gba ẹ̀bi náà sọ́rùn, omi bọ́ lójú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ṣètò kí àwọn ọmọ náà tún un ṣe. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, WAEC pàápàá dá èsì tó ti gbé jáde dúró láti ṣàtúnṣe rẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ àti ẹnjiníà nìyẹn o. Ìwọ tó jẹ́ bíírò pupa nìkan lo ní ńkọ́?

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá ní máàkì òun kò pé, má dáhùn lójú ẹsẹ̀, bóyá "bẹ́ẹ̀ ni" bóyá "rárá". Má sì jẹ́ kó di àríyànjiyàn ní kíláàsì, torí níwájú ogójì ènìyàn, ìwọ kò ní lè gbà pé o ṣì í, òun náà kò ní lè gbà. Sọ fún un pé: "Mo gbọ́. Mú ìwé rẹ lọ sílé, kọ ìbéèrè tó ń dùn ọ́ àti ohun tí o rò pé mo ṣì síbẹ̀ sórí ìwé kan, kí o wá rí mi lọ́la nígbà ìsinmi ọ̀sán." Ó tó ìdajì àwọn tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kì í padà wá. Nígbà tí wọ́n bá jókòó láti kọ ọ́, àwọn fúnra wọn á rí ibi tí wọ́n ti ṣì í.

Àwọn tó bá padà wá, mọ irú ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá. Bó bá jẹ́ ti ìròpọ̀ tàbí ojú-ìwé tí o fò, kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Fa ìlà kan ṣoṣo la iye àtijọ́ kọjá kí ó ṣì ṣeé kà, kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fọwọ́ sí i, fi ọjọ́ sí i, kí igbákejì ọ̀gá náà fọwọ́ sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ìṣọ́ra kan péré ló wà: ọmọ mìíràn á gba ìwé padà, á kọ ìdáhùn sínú àlàfo nílé, á wá sọ pé o kò rí i. Láti ìgbà tí ọmọ kan ti ṣe é fún mi ni mo ti máa ń fa bíírò pupa la gbogbo àlàfo kọjá bí mo ṣe ń ṣe máàkì lọ.

Èyí tó le ni tìrẹ yìí: "ohun tí ọ̀rẹ́ mi kọ ni mo kọ." Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ohun kan. Kí o tó ṣe máàkì, ṣé o kọ marking guide? Ìwé tí o kọ ìdáhùn sí ni mò ń sọ, pẹ̀lú iye máàkì tí ìpele kọ̀ọ̀kan gbé. Ká ní ìbéèrè kẹrin ni pé: ẹnì kan fi ₦20,000 sí báńkì ní èlé orí èlé, ₦5 lórí ₦100 lọ́dún, eélòó ni yóò dà lẹ́yìn ọdún méjì? Máàkì 5 ni. Ọmọ kan kọ 20,000 × 1.05², ọ̀nà rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó kọ 1.1205 níbi tó yẹ kó kọ 1.1025, ló bá gba ₦22,410 dípò ₦22,050. Ọmọ kejì kọ ₦22,050 gẹ́lẹ́, kò sì fi ìlà ìṣirò kankan hàn. Eélòó ni o fún àwọn méjèèjì? Bí o kò bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, ohun tí o máa fún ọmọ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ara rẹ yá, kọ́ ni o máa fún ẹlòmíràn tó kọ irú rẹ̀ lóru Ọjọ́bọ̀ tí oorun ti ń gbé ọ. O lè má ní in lọ́kàn láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yẹn rí lójú ìwé, òótọ́ ni.

Bí WAEC ṣe ń ṣe é nìyí. Àwọn tó ń ṣe máàkì á kọ́kọ́ péjọ, wọ́n á jíròrò lórí marking guide, wọ́n á jọ dán an wò lórí ìwé díẹ̀ títí ọwọ́ wọn á fi bára mu. Lẹ́yìn ìyẹn, olórí ẹgbẹ́ á ṣì máa mú nínú ìwé tí o ti ṣe, á tún un wò. Nínú Ìṣirò, M ni máàkì ọ̀nà tí ọmọ gbà, A ni ti ìdáhùn tó péye. Ọmọ tó ní ₦22,410 á gba M rẹ̀, A nìkan ló máa pàdánù. Ìwọ nìkan lo wà ní ilé-ìwé rẹ, o kò lè pe ìpàdé, ṣùgbọ́n o lè kọ marking guide lọ́jọ́ tí o kọ ìbéèrè, kí o sì ṣe ìbéèrè kìíní fún gbogbo kíláàsì tán kí o tó kan ìkejì, dípò kí o máa parí ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àyípadà kékeré yẹn nìkan pa ìdajì ẹjọ́ rẹ́ fún mi.

Ní báyìí, kó ìwé gbogbo kíláàsì jọ, ìbéèrè kẹrin nìkan. Má fi ìwé ọ̀rẹ́ han ọmọkùnrin náà, kì í ṣe tirẹ̀. Bí marking guide bá fún un ní máàkì, fún un. Bí o bá wá rí i pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni o fún ju bó ṣe yẹ lọ ńkọ́? Àwọn olùkọ́ kan á ní kí o yọ ọ́. Èmi kì í yọ máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí kò bá mi ṣe ẹjọ́. Àṣìṣe tèmi ni, èmi ni mo máa rù ú: mo máa ń fún gbogbo ẹni tó kọ irú rẹ̀ ní iye kan náà, àti ẹni tó pariwo àti ẹni tó dákẹ́. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí kí o fi nǹkan kún ti ọmọ kan nítorí pé ìyá rẹ̀ wá.

Ariwo tó pa ní kíláàsì, yà á sọ́tọ̀. Bá a wí lórí bó ṣe sọ̀rọ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ kan máàkì. Ìwọ náà, ọ̀rọ̀ "kí n tó lé e síta" yẹn kò dára tó, o sì mọ̀.

Ní ti ìyá, má bá wọn jà lórí owó-oṣù. Kí wọn, fún wọn ní ìjókòó, kí igbákejì ọ̀gá wà níbẹ̀, kí o wá ṣí ìwé ọmọ wọn àti marking guide sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ ka ohun tó kọ sókè. Òbí tó wá pẹ̀lú ìbínú sábà máa ń yí ojú sí ọmọ níbi tó bá ti ń kà á. Bí wọ́n bá ní kì í gba ohun tó kéré sí 60, gbé CA rẹ̀ jáde, ìyẹn máàkì tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ kíláàsì tó ti ṣe láàárín sáà. Èyí rán mi létí: jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan rí CA rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí CA bá ti gbé 40 nínú 100, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ìparí sáà ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò ti sí ẹni tó lè rí ìwé tẹ́ẹ̀sì mọ́.

Ẹni tó ni ilé-ìwé ni ìṣòro rẹ gan-an, torí ọwọ́ wọn ni oúnjẹ rẹ wà. Má sọ fún wọn pé jìbìtì ni wọ́n fẹ́ ṣe. Sọ pé: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí igbákejì ọ̀gá bá mi tún ìwé náà wò. Iye tó bá jáde, n óò fọwọ́ sí i." O ti fún wọn ní ohun tí wọ́n lè sọ fún òbí nìyẹn. Bí wọ́n bá sì ṣe é fúnra wọn lẹ́yìn rẹ, kó má jẹ́ pẹ̀lú ìfọwọ́sí rẹ. Tọ́jú ẹ̀dà ìwé máàkì tìrẹ. Ọmọ náà yóò bá WAEC pàdé ní SS3, ẹni tó máa ṣe máàkì rẹ̀ níbẹ̀ kò mọ ìyá rẹ̀.

Àwọn tó máa wá bẹ̀bẹ̀, "ẹ ṣàánú mi, mà, ó ku máàkì méjì", gbọ́ wọn, má fún wọn. Má gba ẹ̀bùn kankan títí èsì á fi jáde. Má ṣe sọ̀rọ̀ máàkì lórí WhatsApp lóru, má sì jókòó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. (Ní yunifásítì ọ̀nà náà gùn ju báyìí lọ: akẹ́kọ̀ọ́ á kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ á ní kó sanwó kí wọ́n tó tún ìwé rẹ̀ wò, tí Sẹ́néètì, ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, bá sì ti fọwọ́ sí èsì, olùkọ́ kò lè dá nìkan yí i padà mọ́.)

Lọ́la, pe ọmọkùnrin yẹn nígbà ìsinmi ọ̀sán. Lẹ́yìn náà kí o kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ mọ iye tó jáde ní ìbéèrè kẹrin.