Orúkọ tí kò ní àmì lórí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ ṣí ìkànnì kan tí a ó ti máa gbé àwòrán, ewì àti ìtàn ìbílẹ̀ jáde. “Ogún Wa” la fẹ́ pè é. Nígbà tí mo fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí bùrọ̀dá mi lórí WhatsApp, wọ́n ní ṣé kò sí o, ṣé ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbì kan ni? Ṣé ká yí orúkọ náà padà ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ yí i padà. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú lèèyàn fi ń ka àdírẹ́sì. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ọ́ bí yóò ṣe rí lórí fóònù: ogunwa. Àmì ohùn ti lọ, àlàfo ti lọ. Ohun tí bùrọ̀dá yín rí nìyẹn: “Ogun wá.” Ẹlòmíì á kà á sí “Ogun wà.” Ẹlòmíì á ní orúkọ ìdílé kan ni, nítorí Ògún tó wà níwájú rẹ̀. Ogún tí ẹ ní lọ́kàn ló máa gbẹ̀yìn, torí kò sẹ́ni tó máa rí ogun tí àyà rẹ̀ ò ní kọ́kọ́ já.

Ìyá kan tó ń ṣe ìpara gbé orúkọ “Ilé Ẹwà” wá fún mi rí, pé kí n fi ṣí ìkànnì fún wọn. Kò pẹ́ tí a ṣí i tí àwọn èèyàn fi ń pè wọ́n, wọ́n ń béèrè iye tí wọ́n ń ta abọ́ ẹ̀wà àti dòdò. Ó dùn mí gan-an, torí èmi ló yẹ kí n ti ka ilewa sókè kí n tó gba owó wọn.

Lóòótọ́, láti ọdún 2003 ni ọ̀nà ti wà láti fi lẹ́tà alámì sí àdírẹ́sì. Ṣùgbọ́n lábẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ rúdurùdu tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ àmì lórí fóònù. Ẹ má wulẹ̀ dáwọ́ lé e.

Ẹ tún rántí àwọn tó wà lókè òkun. Ẹni tó bá pe ìkànnì rẹ̀ ní “Kókó”, ará Brazil á gbọ́ cocô, ìyẹn ìgbẹ́ lédè Potogí. Mitsubishi pàápàá kò ta ọkọ̀ Pajero wọn lórúkọ yẹn ní Sípéènì, torí èébú rírùn ni níbẹ̀. Montero ni wọ́n pè é níbẹ̀.

“Àjogúnbá” ni mo máa mú tó bá jẹ́ tèmi. Ogún yín ṣì wà nínú rẹ̀, kò ní lẹ́tà alámì lábẹ́, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí Yorùbá lè gbà ka ajogunba. Àwa tí a sọ orúkọ kì í rí àléébù rẹ̀, torí a ti mọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ fún èèyàn bíi márùn-ún tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín, kí wọ́n kà á sókè. Ẹ má ṣàlàyé. Bùrọ̀dá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lásán, kí ẹ sì dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ kí ẹ tó sanwó.