Ẹja Ìgbókọ̀dá kò mọwọ́ mẹsẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹja yíyan láti Ìgbókọ̀dá ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Látìgbà tí wọ́n ti ń pín in kiri lórí fóònù pé òyìnbó rí fáírọ́ọ̀sì tuntun lára àbùùbùtán, àwọn oníbàárà mi ti ń sá. Ẹnì kan ní gáréèjì ń ta omi tí a ó fi fọ ẹja kó má baà kó o. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á o, ìyá mi. Àbùùbùtán kì í ṣe ẹja, ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀ kò fi hàn pé ó wà lára ẹja yín. Ó ń bímọ, ó ń fọ́mọ lọ́mú, ó sì ń yọrí sókè mí bíi tiwa. Dọ́fíìnì àti síìlì, tí wọ́n jẹ́ ẹran òkun bíi tirẹ̀, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

“Tuntun” yẹn ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ló fi jẹ́ tuntun! Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ aládùúgbò yín lónìí, ṣé àná ni wọ́n bí i ni? Lọ́dún 1988, síìlì ń kú lọ bẹẹrẹ létí òkun Yúróòpù. Wọ́n ń wúkọ́, ikun ń dà nímú wọn. Wọ́n yẹ òkú wọn wò, wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ẹbí èyí tó ń fa èèyi ọmọdé àti distemper, àrùn kan tó ń ṣe ajá. Tuntun ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ síìlì Greenland tí wọ́n ti gbà pamọ́ ṣáájú ọdún náà wò, àmì pé ara wọn ti bá irú rẹ̀ jà rí wà níbẹ̀. Lóde òní tí ẹ̀rọ ti lè ka jíìnì, ìyẹn àmì ìdámọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, nínú ikun imú lásán, ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa rí òmíràn. Rírí i kò sì sọ pé òun ló pa ẹran náà.

Kì í ṣe pé kò sí ewu rárá. Lọ́dún 2023, àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ (bird flu), tó ń pa adìyẹ, pa síìlì ńlá tí wọ́n ń pè ní síìlì erin tó lé ní 17,000 ní Ajẹntínà. Nítorí náà, bí omi bá gbé òkú dọ́fíìnì wá sí etíkun Ìlàjẹ, ẹ má kun ún, ẹ má jẹ́ kí ajá débẹ̀, ẹ pe dókítà ẹranko ìjọba.

Ẹja tiyín, ẹ yan án dáadáa, ẹ bò ó lọ́wọ́ eṣinṣin. Ẹni tí inú bá ń run lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ọsibítù ni kó lọ. Dókítà ẹran ni mí, n kì í yẹ ènìyàn wò nínú lẹ́tà.

Ẹnì kan ti gbé ìgò omi gáréèjì yẹn wá bá mi. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá ló lù mí nímú. Èyí tí ẹ bá ti fi fọ̀, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni.