Ọkọ̀ mi kùnà níbi àyẹ̀wò èéfín: ṣé catalyst ni kí n pààrọ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mẹkáníìkì. Ọkọ̀ mi ti lé lógún ọdún, ó sì ti rin nǹkan bí 260,000 kìlómítà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kùnà níbi àyẹ̀wò èéfín. Ohun tó wà lórí ìwé tí wọ́n fún mi nìyí: CO 2.8%, HC 410 ppm, CO2 13.0%, O2 0.3%, lambda 0.92. Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní catalyst (ohun tó wà lójú páìpù èéfín, tó ń sọ èéfín di mímọ́) ti kú, kí n lọ ra tuntun. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ti da oògùn tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ́ńjìnnì sínú táńkì epo kí n tó gbé e lọ. Ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa, kì í kú lójú ọ̀nà, àmọ́ ó ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn kì í sì í dé àárín mọ́. Owó catalyst kì í ṣe kékeré. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn

Ẹ má tíì rà á. Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ti sọ ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ wò, kì í sì í ṣe catalyst.

Ẹ jẹ́ ká jọ kà á. CO ni gáàsì tí epo máa ń dà nígbà tí afẹ́fẹ́ ò bá tó o láti jó tán. HC ni epo tí kò jó rárá, tó bá èéfín jáde ní tútù. Lambda ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ àti epo ṣe bára mu sí. Tó bá jẹ́ 1, wọ́n dọ́gba, ìyẹn ni pé nǹkan bíi gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́ ló ń bá gíráàmù 1 epo bẹntiróòlù jó. Tiyín jẹ́ 0.92. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé fi nǹkan bí 8% dín sí èyí tí epo náà nílò. Ká kúkú sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́: epo ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì yín. Ìdí nìyẹn tó fi ń mu epo bó ṣe ń mu ún.

Ẹ wá wo O2, ìyẹn ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú èéfín, 0.3% péré. Iṣẹ́ tí catalyst ń ṣe ni pé ó máa ń gba CO àti HC tó ti inú ẹ́ńjìnnì jáde, á sì fi ọ́síjìn tó wà nínú èéfín jó wọn tán. Tí ọ́síjìn ò bá tó, kí ló fẹ́ fi jó wọn? Ẹ lè de catalyst tuntun mọ́ ọkọ̀ náà lónìí, CO ò ní wálẹ̀ dé ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé. Epo àpọ̀jù ọ̀hún á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú bo inú tuntun tí ẹ rà. Bí iná ò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ohun tó ń mú mi tẹnu mọ́ ọn ni ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé wá bá mi lẹ́yìn tí oníṣẹ́ mìíràn ti pààrọ̀ catalyst rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú obìnrin tó ni ín ti ń ṣomi. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yọ họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó wà lórí règúlétọ̀ tó ń díwọ̀n bí epo ṣe ń tì wá síwájú, mo sì tẹ ẹnu họ́ọ̀sì náà sísàlẹ̀. Epo kán sí mi ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀kán kan, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Awọ rọ́bà inú règúlétọ̀ yẹn ti ya, ẹ́ńjìnnì sì ń fa epo gba ojú họ́ọ̀sì tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ló yẹ kó máa gbà á. Règúlétọ̀ ọ̀hún ò tóbi tó ìkúùkù ọmọdé. A pààrọ̀ rẹ̀, a pààrọ̀ ọ́ìlì, ọkọ̀ sì yege. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé catalyst àkọ́kọ́ tí wọ́n gé jù nù yẹn, kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

Ní tiyín, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi parí àlàyé yín ló gbà mí lọ́kàn jù: abẹ́rẹ́ ooru kì í dé àárín mọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó tutù kì í lè jó epo dáadáa, nítorí náà kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń bu epo kún un títí á fi gbóná, kó tó wá dín in kù. Bí kọ̀ǹpútà bá ń rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni gbogbo ìgbà, kò ní dáwọ́ epo dúró. Ohun méjì ló sì lè mú un rò bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ò gbóná lóòótọ́, torí thermostat (fáàfù tó ń dí ọ̀nà omi rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) ti há sí ṣíṣí, tí omi rédíétọ̀ sì ń yí ká láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ọkọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gbóná, àmọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ooru omi ló ń parọ́ fún un.

Ẹ̀yin fúnra yín lè mọ èyí tó jẹ́. Kí ẹ tó tan ọkọ̀ láàárọ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ ṣì tutù, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá họ́ọ̀sì ńlá tó ti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí òkè rédíétọ̀. Ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ máa fọwọ́ kan họ́ọ̀sì náà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. (Ẹ jìnnà sí fáànù o, ó lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó bá ti gbóná.) Bí thermostat bá pé, họ́ọ̀sì náà á tutù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà á kàn gbóná lójijì, torí thermostat ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń ṣí láàárín 80°C sí 92°C. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, thermostat ti há. Tèmi ni pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín máa já sí, kì í sì í ṣe nǹkan olówó gọbọi.

Tí thermostat bá dára, ẹ jẹ́ kí oníná ọkọ̀ fi mítà wo sẹ́ńsọ̀ ooru. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó máa ń ka nǹkan bí 2,000 sí 3,000 ohm nígbà tí omi bá wà ní 20°C, á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 300 ohm ní 80°C. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa tí mítà ṣì dúró sórí 2,000, irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ yẹn ń pa. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, sẹ́ńsọ̀ tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ rí i dájú pé ti kọ̀ǹpútà ni wọ́n wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan họ́ọ̀sì règúlétọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bí tiyín bá ní in. Ẹ wo àsẹ́ afẹ́fẹ́ náà, bóyá ìdọ̀tí ti dí i. Ẹ tún tú ọ̀kan nínú púlọ́ọ̀gì tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀. Tó bá ti dúdú bí ìdí ìkòkò, tó ń kun yín lọ́wọ́, ẹ̀rí nìyẹn pé epo àpọ̀jù ni. Bí mẹ́ta bá mọ́, tí ọ̀kan ṣoṣo dúdú, ínjẹ́kítọ̀ tó ń fín epo sí sílíńdà yẹn ló ṣeé ṣe kó máa jò.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára páìpù èéfín ńkọ́? Òun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, torí náà mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ò mọ epo rárá, ọ́síjìn nìkan ló mọ̀. Tó bá gbóná, tó sì pé, iná tó ń mú jáde máa ń sáré láàárín 0.1 àti 0.9 volt, sókè sódò, láìdúró. Bó bá dúró sórí 0.8 tàbí 0.9, òótọ́ ló ń sọ. Ó ń ké pé epo pọ̀, ibòmíràn ni epo ti ń wọlé. Ẹ má pààrọ̀ ẹni tó ń jẹ́rìí òótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá dúró sórí 0.1, tí CO sì wà ní 2.8%, bóyá ó ti kú, tàbí afẹ́fẹ́ ìta ń gba ojú ihò kan wọ páìpù èéfín ṣíwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn á mú kó rò pé epo ò tó, kọ̀ǹpútà á wá bu epo sí i. Àmì tí ẹ máa gbọ́ ni ìró kan tó ń ṣe té-té-té nítòsí ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ṣì tutù, tó sì máa ń rọlẹ̀ bí irin bá ti gbóná tó wú.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí, ó sì ti mú kí ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe dáadáa tún kùnà. Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Epo tó ti pọ̀ jù fún ọjọ́ pípẹ́ máa ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì wọnú ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á di gáàsì, họ́ọ̀sì tó ń fa èémí inú ẹ́ńjìnnì á sì tún gbé e padà síbi tó ti ń jó, CO á tún gòkè. Bó bá ti ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti àsẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tún ibi tó bàjẹ́ ṣe, kì í ṣe ṣáájú.

Ìgbà wo wá ni ti catalyst? Ìgbà tí lambda bá ti padà sí nǹkan bíi 0.97 sí 1.03, tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí CO àti HC ṣì ga. Ẹ lè fi ọwọ́ gbá a pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́ nígbà tó bá tutù. Tó bá ń dún bí òkúta inú agolo, inú rẹ̀ ti fọ́. Nígbà náà, ẹ rà á, kò sí àbùjá.

Fún ẹni tí ìwé tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí: bí HC bá ga tí CO wà bó ṣe yẹ, sílíńdà kan ni iná ò mú dáadáa. Púlọ́ọ̀gì, wáyà rẹ̀, kọ́ìlì, họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ tó ya tàbí fáàfù tó jóná ni kí ẹ wá lọ. Bí ó bá jẹ́ NOx (gáàsì tí náítírójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń dà bí ooru bá pọ̀ jù) ló ga, ibi tí epo ti ń jó ló gbóná jù. Ẹ wo fáàfù EGR (èyí tó ń dá díẹ̀ lára èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì) bóyá èédú ti dí i, ẹ wo táímìnì (àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń tanná), kí ẹ sì wò ó bóyá ọkọ̀ ń gbóná jù.

Tí ẹ bá ń padà lọ síbi àyẹ̀wò, ẹ wa ọkọ̀ náà fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó tutù níbi tí ẹ bá ti ń dúró de ààyè yín. Catalyst tí kò tíì gbóná tó nǹkan bí 250°C sí 300°C kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ irú àyẹ̀wò tí wọ́n ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, ẹ má yọ bátìrì, ẹ má sì pa àmì àṣìṣe rẹ́ lọ́jọ́ tó ku ọ̀la. Ìrántí kọ̀ǹpútà á pa rẹ́, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ rìn fún ìgbà díẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó lè sọ pé òun ti yẹ ọkọ̀ náà wò.

Mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá ń ṣe gbogbo ìdánwò wọ̀nyí, ìta gbangba ni kí ẹ ti tan ọkọ̀ náà. CO kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ìwọ̀n tí ọkọ̀ yín ń tú jáde báyìí sì lè pa èèyàn nínú gáréèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Bí ẹ bá ti yẹ họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀ yẹn wò láàárọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ iye ìṣẹ́jú tó lò kó tó gbóná àti bó ṣe gbóná, lójijì ni tàbí díẹ̀díẹ̀.