Èsì: Ṣé èèyàn lè fi gáàsì abẹ́ yìnyín ṣiṣẹ́ ṣe?

Àbúrò, o béèrè bóyá ẹni tó ka kẹ́mísìrì lè fi wíwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná, lápá àríwá níbi tí ilẹ̀ ti ń dì, ṣiṣẹ́ jẹun ní yunifásítì. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Wo Katey Walter Anthony, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń wádìí gáàsì inú adágún, ní Yunifásítì Alaska tó wà ní Fairbanks, ní Amẹ́ríkà.

Adágún omi Sàìbéríà, ní Rọ́ṣíà, ló sọ ọ́ di olókìkí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti dì gbagidi láti ayébáyé. Bó bá yọ́, á rì, omi á dá sí i, kòkòrò àìfojúrí á wá máa jẹ ewé àti gbòǹgbò àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀, wọn á sì máa tú méténì, ọ̀kan nínú àwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná, jáde. Á máa hó yaya wá sókè. Nígbà òtútù, yìnyín á sé e mọ́lẹ̀. Bí o bá dá ihò lu yìnyín náà tí o sì ṣáná sí i, iná á sọ lala! (Jọ̀ọ́, má dá a dán wò o.)

Ìwádìí tó gbé jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature ní 2006 fi hàn pé híhó yìí ló ń gbé nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 méténì àwọn adágún náà jáde, àti pé òmíràn nínú rẹ̀ ti lé ní 35,000 ọdún.

Kẹ́mísìrì nìkan ò tó ṣá. Fi bàọ́lọ́jì àti ìmọ̀ ilẹ̀ kún un, kí o sì ra kóòtù tó nípọn.