Ìdí tí PCV bàbá yín ò fi gòkè

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ ní kíndìnrín wọn ti ń kọṣẹ́, PCV wọn (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ inú ara) ò sì kúrò ní 21, pẹ̀lú gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ àti omi ugu tẹ́ ẹ ń pò mọ́ mílíìkì fún wọn láràárọ̀. Ẹ tún ní ṣúgà wọn ti ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo ilé sì ń dúpẹ́. Èmi náà ń fọ ẹ̀jẹ̀ (dialysis) torí kíndìnrín, mo mọ ibi tẹ́ ẹ wà yìí.

Ugu yẹn, ẹ dá a dúró ná. Potassium, irú èròjà iyọ̀ kan, pọ̀ nínú rẹ̀, kíndìnrín tó ti rẹ̀ kì í sì lè lé e jáde. Tó bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró lójijì.

Iṣẹ́ kíndìnrín ò mọ sórí ìtọ̀. Òun ló ń ṣe hòmóònù tí à ń pè ní EPO, tó ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó pèsè ẹ̀jẹ̀. Ẹ kó sìmẹ́ǹtì kún sáìtì, bí fọ́mánù ò bá wá, ta ni yóò mọlé? Èròjà irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì, abẹ́rẹ́ EPO ni fọ́mánù. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ ferritin wọn wò, èyí tó ń fi irin tó wà nípamọ́ nínú ara hàn. Tèmi kéré, wọ́n ní láti fa irin sí mi lára kí abẹ́rẹ́ tó ràn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni PCV fi ń rìn kó tó gòkè, ẹ má kánjú. Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, torí abẹ́rẹ́ náà máa ń gbé e sókè, ẹ má sì ní kí dókítà lé PCV dé ti ẹni tí ara rẹ̀ dá: rọpárọsẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Inú fìríìjì ni abẹ́rẹ́ EPO ń gbé, kò sì gbọdọ̀ dì. Pẹ̀lú iná wa tí kì í dúró, kúlà àti áìsì ni mò ń lò, mo ń fi aṣọ wé e kó má kan áìsì. Owó rẹ̀ ga, mi ò ní tàn yín.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Kíndìnrín wà lára ohun tó ń palẹ̀ insulin, hòmóònù tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, mọ́ nínú ara. Bó bá ti kọṣẹ́, insulin tó yẹ kó ti lọ á ṣì máa ṣiṣẹ́. Àtọ̀gbẹ ò lọ síbì kankan o! Bí wọ́n bá ṣì ń gún iye insulin ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí wọ́n ń lo glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ oníhóró, ṣúgà lè já lóru, kẹ́ ẹ rò pé oorun ni wọ́n ń sùn. Ẹ pe dókítà lónìí kó tún iye oògùn náà wò, ẹ má dá a dín kù fúnra yín.

Bí ara bá ń yún wọn tàbí tí egungun ń dùn wọ́n, ẹ béèrè àyẹ̀wò PTH (hòmóònù tó ń darí calcium inú ara) àti phosphate (èròjà inú oúnjẹ tí kíndìnrín máa ń lé jáde). Calcium carbonate tí wọ́n bá kọ fún wọn nítorí phosphate, ìgbà tí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́ ni kí wọ́n máa lò ó, torí phosphate inú oúnjẹ ló fẹ́ dì mú.

Ọ̀kan kù tí àwọn bàbá kì í sọ. Bí kíndìnrín bá kọṣẹ́, testosterone, hòmóònù ọkùnrin, máa ń lọ sílẹ̀, prolactin, hòmóònù mìíràn, á gòkè, ọ̀rọ̀ yàrá á sì di ìṣòro. Ẹ jẹ́ kí dókítà ọkùnrin fọgbọ́n bi wọ́n, kí wọ́n má lọ máa mu àgbo ní kọ̀rọ̀.