Tesla ni, Kia ni, àbí MG? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí ríra ọkọ̀ oníná

Lẹ́tà mẹ́ta la mú nínú àwọn tó wọlé sí wa lórí ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn. Méjì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan wá láti Ìbàdàn. A ti gé wọn kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Manchester. Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì mi sílẹ̀ kí n ra èyí tó ń lo iná, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn àwọn èèyàn ti pọ̀ jù. Ọkọ mi kò fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí Tesla. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ń wa Kia e-Niro, kò sì yé yìn ín. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ pé MG4 ni owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Èmi fúnra mi tún rí Nissan Leaf ọdún 2018 kan tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ogójì máìlì ni mo ń wà lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀, a sì máa ń lọ sí òde ní London lóòrèkóòrè. Ilé wa kò ní ààyè ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ̀bá títì la ń gbé ọkọ̀ sí. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: A kò lè mọ èyí tí ó yẹ kí ẹ rà títí a ó fi yanjú ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fi sí ìparí lẹ́tà yín, pé ẹ̀bá títì lẹ ń gbé ọkọ̀ sí. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Owó orí VAT tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí iná inú ilé jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ṣájà ìta gbangba sì jẹ́ ìdá 20. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ilé-iṣẹ́ iná máa ń ta iná òru ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tó ń ṣájì ọkọ̀ nígbà tí ará ìlú ti sùn. Ẹni tó bá ń ṣájì nílé á rí èrè rẹ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé kìkì ṣájà ayára tó wà lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ lè rí i pé iye tí òun ń ná lórí máìlì kan kò jìnnà sí ti dísẹ́ẹ̀lì, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ lè jù ú lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo ojú ọkọ̀ kankan, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kánsù yín bóyá wọ́n ń gba onílé láàyè láti la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí wáyà ṣájà lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn yín pẹ̀lú bóyá ṣájà wà fún òṣìṣẹ́, àti iye tí wọ́n ń gbà. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá lẹ́ẹ̀kan, ṣájà kékeré oní-kìlówáàtì 7 á ti kún bátìrì rẹ̀ kó tó bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ẹ má kàn na wáyà gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ o. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, ọrùn yín ni ẹjọ́ ọ̀hún yóò wà.

Ní ti orúkọ ọkọ̀, ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹnì kan á ní òun kò lè ra ọkọ̀ Ṣáínà láéláé, á sì lọ ra Tesla Model 3, bẹ́ẹ̀ Shanghai ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó ń wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 2021. MG tí àwọn àgbà Gẹ̀ẹ́sì ń fi yangàn láyé àtijọ́ ti di ti SAIC, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣe MG4. Leaf tó ń jẹ́ orúkọ Japan ni ọmọ ilé, nítorí Sunderland ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí à ń rí níbí láti ọdún 2013. Orúkọ tó wà níwájú ọkọ̀ kò sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, kò sì sọ irú bátìrì tó gbé sínú. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bátìrì, ẹnu ihò ṣájì, àti iye ọdún tó kù lórí wáráńtì.

Leaf ọdún 2018 yẹn ní bátìrì kìlówáàtì-wákàtí 40 (ìyẹn ni òdiwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), máìlì 168 sì ni ìwé rẹ̀ sọ pé yóò rìn. Nínú òtútù oṣù kìíní, tí híta ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì ń sáré lórí òpópónà márosẹ̀, ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Ogójì máìlì ojoojúmọ́ yín kò ní nira fún un rárá. Ọ̀nà London ni wàhálà wà, nítorí ó tó igba máìlì láti Manchester. Nissan kò fi omi tu bátìrì Leaf yìí lára, atẹ́gùn lásán ló gbẹ́kẹ̀ lé, bátìrì tó bá sì ti gbóná kì í fẹ́ gba iná kíákíá mọ́. Àwọn tó ra ọkọ̀ yìí ní 2018 ló kọ́kọ́ figbe ta pé bí àwọn bá ṣájì nígbà kejì ní ọjọ́ kan náà, ó máa ń falẹ̀. Ẹnu ihò ṣájì ayára rẹ̀, CHAdeMO, náà ń di ohun àtijọ́. CCS ni ọ̀pọ̀ ṣájà tuntun ń lò. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ tan ọkọ̀ náà kí ẹ wo ìlà kéékèèké tó wà ní apá ọ̀tún ojú dáṣíbọ́ọ̀dù: méjìlá ni wọ́n nígbà tí bátìrì wà ní tuntun, èyí tó bá sì ti pòórá kì í padà wá. Ọdún 8 tàbí máìlì 100,000 ni wáráńtì bátìrì rẹ̀, ẹ wá ṣírò ohun tó kù lára ọkọ̀ 2018.

Ọkọ yín kò jayò pa lórí Tesla. Model 3 dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019, kò sì rọrùn láti rí ẹlòmíràn tó mọ bí a ti ń fi iná díẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ṣájà Supercharger rẹ̀ náà kì í sábà dani láàmú: ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ṣí púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀ fún ọkọ̀ mìíràn tó ní ihò CCS, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí àlejò ń san ju ti onílé lọ. Ohun méjì ni kí ẹ ronú sí. Ẹ gba iye ìnṣọ́ránsì rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti ń já ọ̀pọ̀ èèyàn. Èkejì ni pé Tesla máa ń yí iye owó ọkọ̀ rẹ̀ padà bó bá ṣe wù ú. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ó gé owó Model 3 àti Model Y lulẹ̀ lójijì, ọkọ̀ tí àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sì jábọ́ lówó lójú wọn.

Láàárín Kia àti MG, e-Niro oní-kìlówáàtì-wákàtí 64 ń rin máìlì 282 lórí ìwé, MG4 oní-64 ń rin 281, nítorí náà kò sí ìjà níbẹ̀. Wáráńtì Kia jẹ́ ọdún 7 tàbí máìlì 100,000, ti MG jẹ́ ọdún 7 tàbí máìlì 80,000, méjèèjì sì ń tẹ̀lé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá rà á lẹ́yìn. MG4 kan tún wà tó ní bátìrì 51, tó ń rin 218. Irú bátìrì tí wọ́n ń pè ní LFP ló wà nínú rẹ̀, èyí tí a lè ṣájì dé ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà gbogbo, nígbà tí irú bátìrì mìíràn fẹ́ràn kí a dúró ní nǹkan bí ìdá 80 lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ èmi, e-Niro àlòkù tí wáráńtì rẹ̀ kò tíì tán ni màá wá. Ó ga nílẹ̀, ẹrù aṣọ ẹbí àti kúlà á wọ ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́tìnnì híta rẹ̀ sì wà níbi tí ọwọ́ mọ̀. Bí owó rẹ̀ bá ga jù, MG4 oní-64 ló tẹ̀ lé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tó kan nọ́ọ̀sì. Wọ́n á fi ètò salary sacrifice lọ̀ yín níbi iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú owó oṣù kí wọ́n tó gé owó orí. Ètò náà lè dín owó kù gidigidi, mi ò sì ní kí ẹ sá fún un. Ẹ kàn mọ̀ pé ọkọ̀ náà kì í ṣe tiyín, pé owó oṣù tí a dín kù lè dín owó tí à ń ṣírò fún ìfẹ̀yìntì yín kù pẹ̀lú, àti pé bí ẹ bá fi ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ kí àdéhùn tó parí, owó ìtanràn lè wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kí wọ́n sì fi ìwé dá yín lóhùn.

Ìbéèrè: Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, Dartford ni mò ń gbé. Ọmọ mi ní kí n jókòó sílé kí n fi fóònù ra Tesla. Láti kékeré ni mo ti mọ ọjà ná, wọ́n wá ní owó wọn kò gba ẹ̀dín. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú àgbà. Wọn ò rẹ́ yín jẹ. Tesla kò ní alágbàtà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iye tí ẹ bá rí lórí ìkànnì rẹ̀ ni iye tí ẹni tó tẹ̀ lé yín náà á san, ìyẹn sì ní àlàáfíà tirẹ̀. Òfin tún wà lẹ́yìn yín: ọjà tí ẹ bá rà láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé ọwọ́ yín láti sọ pé ẹ kò fẹ́ mọ́. Bí ọkọ̀ bá sì ní àbùkù, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ ti rà á, òfin ọdún 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá a padà kí ẹ gba gbogbo owó yín.

Bí ó bá jẹ́ ọjà níná ló wù yín, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbàtà Kia, Hyundai, Renault tàbí MG, ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n ná an. Iye ara ọkọ̀ lè má fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Ohun tó máa ń wálẹ̀ ni èlé owó àdéhùn, tàbí kí wọ́n fi owó lé iye tí wọ́n fẹ́ fi gba ọkọ̀ àtijọ́ yín, tàbí kí wọ́n bá yín fi ṣájà sí ara ògiri ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Láti oṣù keje ọdún 2025 ni ìjọba sì ti ń dá sí owó ọkọ̀ oníná tuntun kan tí iye wọn kò kọjá £37,000, ó lè tó £3,750. Ẹni tó ń tà á ni yóò yọ ọ́, ẹ̀yin kò ní fọ́ọ̀mù láti kọ. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ bi wọ́n.

Ẹ má sì rò pé ẹni tó wọ kóòtù tó sì gbé tábìlẹ́ẹ̀tì dání mọ ohun tó ń tà. Mo sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìdá 9 ni iná tó kù nínú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí a tọ́ wò, ọmọkùnrin náà sì ṣí bónẹ́ẹ̀tì iwájú, ó ṣí bùútù, ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kò rí wáyà ṣájà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá ọkọ̀ náà ní heat pump, èyí tó ń jẹ́ kí ilé ọkọ̀ móoru láì jẹ iná púpọ̀, ó ní gbogbo wọn ló ní híta. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a kúrò níbẹ̀. Ẹ béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì béèrè bí bátìrì ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe ń yára gba iná tó. Bí ó bá jẹ́ Renault Zoe àlòkù ni, ẹ wádìí bóyá bátìrì rẹ̀ jẹ́ ti onímọ́tò, nítorí wọ́n ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ láì ta bátìrì wọn, owó lílò ni wọ́n ń san lórí rẹ̀ lóṣooṣù.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, Bàbá, ẹ wọ inú Model 3 kí ẹ tún jáde kúrò nínú rẹ̀ ní ìgbà bíi mélòó kan kí ẹ tó gba ti ọmọ yín. Ó sún mọ́ ilẹ̀, orúnkún yín ni yóò dájọ́. Kò sí dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn sítíárì rẹ̀. Ojú gíláàsì ńlá tó wà láàárín ni iye eré tí ẹ ń sá wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nǹkan tí ọwọ́ yín ti mọ̀ sí bọ́tìnnì pa mọ́ sí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston fẹ́ fi Nissan Leaf 2011 ránṣẹ́ sí mi ní Ìbàdàn. Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn: Nígbà tí Leaf ọdún 2011 wà ní tuntun, máìlì 73 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ sí i lára, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 117. Ìbàdàn sí Èkó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ yín kò sì ní jẹ́ tuntun. Ooru tún ni ọ̀tá bátìrì yìí: ní 2012 ni àwọn tó ń wà á ní Phoenix, níbi tí oòrùn ti mú gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ìlà bátìrì àwọn ń pòórá kó tó yẹ, ọkọ̀ tó sì ti lo ọdún lábẹ́ oòrùn Texas ti jẹ nínú ìyà kan náà.

Wáyà ṣájà tó bá ọkọ̀ náà wá láti Amẹ́ríkà jẹ́ ti iná fólítì 120. Ẹ má ṣe kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì 230 wa láì jẹ́ kí oníná kan yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ pé láti ilé dé Dùgbẹ̀ lásán lẹ fẹ́ máa lọ, tí iná NẸPÀ àdúgbò yín sì ń wà fún wákàtí mélòó kan lóru, ọkọ̀ náà lè wúlò, bí ó bá jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ẹ̀gbọ́n yín tó san owó ọkọ̀ ojú omi, ẹ ní kó ya fọ́tò ojú dáṣíbọ́ọ̀dù náà pẹ̀lú iná títàn, kí ẹ ka ìlà apá ọ̀tún fúnra yín. Bí wọn kò bá pé mẹ́sàn-án, kó tà á síbẹ̀, kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́.