401 lẹ́yìn wákàtí kan: kí ni kí n ṣe sí access token mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ áàpù Android fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, kí ọmọ ẹgbẹ́ lè máa wo iye tó ti dá. Bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, gbogbo rẹ̀ á máa lọ geere. Tó bá di wákàtí kan, server á bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa lóhùn pé 401, ìyẹn pé kò dá ẹni tó ń béèrè mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi password wọn pamọ́ sínú áàpù, kó máa fi í wọlé fúnra rẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò dáa. Má fi password ẹnikẹ́ni pamọ́, owó àwọn èèyàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Áàpù rẹ kò bàjẹ́, àsìkò access token ló tán, ìyẹn àmì tí server fún áàpù nígbà ìwọlé, tó fi ń mọ ẹni tó ń béèrè.

Ṣé o mọ tálì tí wọ́n máa ń fúnni lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá téèyàn bá fi báàgì sílẹ̀? Ẹni tó bá mú tálì wá ni wọ́n ń gbé báàgì fún, wọn kì í béèrè orúkọ. Bí token ṣe rí nìyẹn. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ olè, olè ti di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn lójú server. Ìdí rèé tí ẹ̀mí rẹ̀ fi kúrú. Wo expires_in nínú ìdáhùn tí server fún ọ nígbà ìwọlé: 3600 ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá tó pé wákàtí kan.

Bó ṣe yẹ kí áàpù máa fi token ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀ rèé, ọ̀rọ̀ Bearer ló ń ṣáájú token:

Authorization: Bearer eyJhbGciOi...

Mo ti lo odidi ọ̀sán kan rí nídìí 401, àṣé token tí mo tọ́jú ti ní Bearer tirẹ̀ lára tẹ́lẹ̀, kóòdù mi sì tún ń fi òmíràn kún un. Má sì fi token sínú URL láé, torí server a máa kọ URL sínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe, ibẹ̀ ni ẹlòmíì á ti rí i kà.

Ohun tó o nílò ni refresh token, token kejì tí a fi ń gba access token tuntun, tí ẹ̀mí tirẹ̀ gùn. RFC 6749 tó jáde ní 2012, ìwé òfin OAuth 2.0 (ìlànà tí áàpù fi ń gba token lọ́wọ́ server), ló là á sílẹ̀. Bí 401 bá dé, fi refresh token lọ gba access token tuntun, kí o wá tún ìbéèrè náà rán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí 401 bá tún dé, ní kí ẹni náà wọlé tuntun. Àmọ́ bó bá jẹ́ 403 lo rí, token tuntun kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́: server mọ ẹni náà, kò kàn fún un láyè ohun tó béèrè ni.

Ibi tó ti ń ṣe ọ̀pọ̀ wa lọ́ṣẹ́ rèé. Ká ní áàpù rán ìbéèrè mẹ́ta pọ̀, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba 401, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sáré lọ gba token tuntun. Ọ̀pọ̀ server ló ń pààrọ̀ refresh token gbàrà tí a bá ti lò ó. Ẹni àkọ́kọ́ á rí tirẹ̀ gbà, èyí tó pa dà mú ògbólógbòó wá, server lè kà á sí olè kó sì fagi lé gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, jẹ́ kí ẹyọ kan lọ, kí àwọn yòókù dúró dè é.

Kọ́kọ́rọ́ inú Android Keystore, ibi tí Android ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí, ni kí o fi ti refresh token pa lórí fóònù. Nígbà tí ẹnì kan bá sì jáde nínú áàpù, pa token méjèèjì rẹ́ níbẹ̀, kí o tún ní kí server fagi lé refresh token náà, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá ta fóònù yẹn fún ẹlòmíì.